Àwòrán Màlúù Tí Mo Gbé Lọ sí Cochrane

Kí n tó sọ ohunkóhun, ojú èmi fúnra mi ló rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. N ò kà á nínú ìwé, n ò sì wò ó lórí fóònù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kò sì dùn mí, torí ibi tí ẹsẹ̀ mi ti dé láyé yìí, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ló jẹ́ pé orí máàpù ni wọ́n ti ń fìka tọ́ ọ. Mo ti gba aṣálẹ̀ Sàhárà nínú tírélà. Mo ti wa ọkọ̀ agbómi lórí yìnyín tó ń dán bíi díńgí. Èmi kì í sá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo sá láyé mi, ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò sì tíì fi sílẹ̀ títí dòní, torí pé ojú ọmọ mi àti gbogbo kíláàsì rẹ̀ ló ṣe.

Ìgbà tí ọjà epo rọ̀bì dojú dé ní Calgary, ìlú òyìnbó tá à ń gbé, ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ nígbà náà mọ bó ṣe rí. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ tó ń gbé omi lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo. Iṣẹ́ ń lọ, mo ra pick-up dúdú kan tó ga débi pé Ìyá Tèmi, ìyàwó mi, ní láti di nǹkan mú kó tó lè wọlé. Àfi bí wọ́n ṣe pè wá jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fún wa ní kọfí àti dónọ́ọ̀tì, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá fún mi ní dónọ́ọ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àyà mi a já.

Ìyá Tèmi jẹ́ nọ́ọ̀sì, òun nìkan ló wá kù tó ń gbé ilé ró. Ó ń ṣe shift ọ̀sán, ó ń ṣe ti òru. Èmi ń jókòó sínú ilé wa ní àdúgbò Savanna, mò ń kó snow, mò ń gbé Tèmi lọ síléèwé, mò ń gbé e bọ̀. Ìyàwó mi sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ ilẹ̀ ní iléèwé kan lápá Rundle.

"Èmi?" mo ní. "Èmi tí mo gba Sàhárà kọjá?"

"Sàhárà ò san mortgage, Dádì Tèmi," ó dáhùn, ó sì wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Bísọ́lá wá dirun fún Tèmi ní Sátidé kan. Bísọ́lá jẹ́ àbúrò wa kan tó ń kàwé ní yunifásítì níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ló ń kọ́. Kí Tèmi má baà máa mi orí, ó gbé fóònù fún un kó máa wo àwọn àwòrán àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní yunifásítì. Mo ń kọjá lọ sínú kíṣìnnì, mo yọjú wo ohun tí ọmọ ń wò, mo sì dúró gbọn-in.

"Mo mọ ibẹ̀," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ibo?"

"Abẹ́ àpáta yẹn. Mo ti sùn níbẹ̀ rí."

Bísọ́lá rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mo fa àga, mo jókòó, mo sì sọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ fún dírẹ́fà kan ní Kánò. A kó ẹrù, a gba Agadez, a forí lé ọ̀nà Djanet nínú aṣálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa kú sáàárín òkúta. Dírẹ́fà bá ọkọ̀ mìíràn lọ láti wá nǹkan tó bàjẹ́ rà, ó ní kí n dúró ti ẹrù. Ó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà mọ́. Bàbá Tuareg kan tó ń jẹ́ Àmúdù ló gbà mí sọ́dọ̀, Hausa la jọ ń sọ. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ rẹ̀ tí àpáta ti yọrí síta bí òrùlé. Bí oòrùn bá ti mú, abẹ́ rẹ̀ la máa ń sá sí. Ibẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí lọ́jọ́ kan, tí mo gbójú sókè, tí mo rí màlúù.

Màlúù ni o, kì í sì í ṣe ọ̀kan, odindi agbo ni. Wọ́n fi ọ̀dà pupa àti funfun kùn wọ́n sára òkúta. Èyí pupa lẹ́yìn tó funfun níkùn, èyí ní àmì kéékèèké lára bí ẹni tí wọ́n ta ẹfun sí. Kò sí méjì tó jọra, àfi bí ẹni pé ẹni tó yà wọ́n mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n so àwọn ọmọ màlúù mọ́ okùn kan ṣoṣo, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, ó ń fún wàrà. Ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú ọrun àti ọfà. Lókè wọn, àgùnfọn wà níbẹ̀, erinmi sì wà níbẹ̀. Erinmi! Níbi tí èmi àti Àmúdù ti ń fi ife kan pín omi mu.

Mo bi Àmúdù pé ta ló yà wọ́n. Ó ní òun ò mọ̀, bàbá òun ò mọ̀, bàbá bàbá òun gan-an bá wọn níbẹ̀ ni. Ohun tó dá òun lójú ni pé omi wà níbẹ̀ nígbà náà, koríko sì wà. Nígbà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́, àwọn onímàlúù kó agbo wọn, wọ́n tẹ̀lé koríko lọ. Àwòrán nìkan ni wọn ò rí kó.

Bísọ́lá ti gbàgbé irun tó ń dì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ọ́ rí! Díẹ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ wa gan-an ló tíì fojú ara wọn rí i."

"Ṣé o gbọ́?" mo sọ fún ìyàwó mi.

"Mo ti gbọ́ ọ lọ́dún tá a ṣègbéyàwó," ni Ìyá Tèmi sọ, "mo sì ń gbọ́ ọ lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí iṣẹ́ náà. Bísọ́lá mọ ìyá òyìnbó kan tó ní oko màlúù lẹ́bàá Cochrane, kò jìnnà sí Calgary, Joan lorúkọ rẹ̀. Àwọn iléèwé máa ń kó ọmọ wá síbẹ̀. Joan ń wá ẹnì kan tí yóò máa mú àwọn ọmọ náà yíká, tí yóò máa sọ fún wọn bí ọmọ aráyé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹran gbé, láti ìgbà tí snow bá ti yọ́ títí ìgbà tí ewé yóò fi wọ́. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹ wo ọkùnrin tó ti ń jókòó sínú ilé tí ìyàwó ń bọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́ torí ohun tó rí. N ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, ayọ̀ ni.

Mo wakọ̀ lọ bá Joan. Obìnrin kúkurú ni, fìlà rẹ̀ ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ó gbọ́ ìtàn àpáta náà, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé mo ti da màlúù rí.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi," mo dáhùn.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ewúrẹ́ ni Àmúdù ń sìn, ewúrẹ́ àti ràkúnmí. Màlúù tó wà níbẹ̀, ara àpáta ni wọ́n wà. Ní tèmi, inú ọbẹ̀ ni mo ti mọ màlúù jù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ọkùnrin wo ló fẹ́ gbaṣẹ́ tí yóò pe ewúrẹ́ ní ewúrẹ́?

Joan dá ọjọ́ kan fún mi láti fi dán mi wò. Kíláàsì kan ń bọ̀ láti Calgary. Bí mo bá ṣe é dáadáa, iṣẹ́ di tèmi. Ó tún dárúkọ iléèwé àti kíláàsì tó ń bọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé ti Tèmi ni. Mo rí i bí ọwọ́ Ọlọ́run. Ọmọ mi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi pé kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, tó ń fi "He's home" dá wọn lóhùn!

Nígbà náà ni mo wá ṣèlérí ohun tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Mo ní n ó ya àwòrán àpáta náà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí àwọn ọmọ lè rí i. Òkúta ràgàjì kan wà láàárín pápá rẹ̀, mo ní ibẹ̀ ló yẹ kí n yà á sí. Joan mi orí pé rárá. Ó ní òkúta yẹn kì í ṣe ti òun láti kùn, àwọn tó ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí àwọn bàbá òun tó dé ní ohun tí wọ́n ń fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ní kí n lo pákó.

Bísọ́lá sọ fún mi lórí fóònù pé òkúta pupa lílọ̀ ni àwọn ará àtijọ́ lò, tí wọ́n fi nǹkan bíi wàrà tàbí funfun ẹyin pò. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, kí n ra ọ̀dà lásán ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dà ṣọ́ọ̀bù kẹ̀! Mo ní àbúrò mi, fi sílẹ̀ fún ẹni tó débẹ̀. Mo ra osùn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, osùn pupa dẹ́ńdẹ́ ju òkúta lọ. Kí ni n ó wá fi pò ó? Mo rántí ibi tí mo ti ń jẹ nkwobi, ẹsẹ̀ màlúù elépo, lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbò, bí wọ́n ṣe máa ń da omi kàún sínú epo pupa tí yóò sì dì múkẹ́múkẹ́ bí ọ̀dà. Mo ní ó tán! Kàún ló kù. Nǹkan aṣálẹ̀ sì ni kàún, èmi ni mo rí i tí Àmúdù ń kó o. Mo da epo sínú ìkòkò, mo da omi kàún sí i, kàún tó pọ̀ gan-an kó lè dì dáadáa, mo ro ó, mo bu osùn lé e. Ó pọ́n, ó ki, ó ń dán. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Ìyá Tèmi ti ibi iṣẹ́ dé. "Kí lẹ̀ ń sè?"

"Àwòrán ni."

Ó ṣí ìkòkò, ó wò ó, ó wo ìdí kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo. "Dádì Tèmi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ pé kì í ṣe epo tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Òkìtìpupa lẹ dà sínú osùn."

"Tí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, n ó ra dúrọ́ọ̀mù kan fún màmá."

"Kó bọ́ sí i o," ó ní. "Àmín. Kó bọ́ sí i."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bó ṣe sọ ọ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ yanrìn mọ́ pákó ńlá méjì kó lè rí bí òkúta, mo sì yàwòrán mi sí i nínú garage. N ò ní parọ́, àwòrán náà dára. Tèmi wá wò ó, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

"Daddy, is that a bicycle?"

"Màlúù ni. Ìwo rẹ̀ nìyẹn."

"Okay," ó ní, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun èèyàn.

Òtútù ṣì ń mú nínú garage, àwòrán náà gan bíi páálí. Mo fìka kàn án, kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ó ti gbẹ. Èmi tí mo mọ̀ pé epo máa ń dì nínú òtútù, tí mo ti fi ṣíbí gbẹ́ epo nínú kẹ́ẹ̀gì láìmọye ìgbà, mo wò ó, mo sì ní ó ti gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà snow fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbé pákó mi dé Cochrane, oòrùn ti yọ, koríko ti ń gbẹ, ènìyàn lè bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe máa ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe ń sọ pákó kalẹ̀, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi ti pọ́n níbi tí pákó ti fara kàn án, ọwọ́ mi náà pọ́n. Mo fi ọwọ́ nu jákẹ́ẹ̀tì. Joan ní kí n gbé àwòrán náà ti ògiri ilé ẹran. Mo ní rárá o, ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ géètì pápá, kí àwọn ọmọ lè máa wo màlúù àwòrán, kí wọ́n sì máa wo màlúù gidi lẹ́yìn rẹ̀. Joan wo géètì, ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ lo mọ màlúù."

Bọ́ọ̀sì dé. Àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, tíṣà wọn ní kí wọ́n tò. Mo rí Tèmi láàárín wọn, ó rọra ju ọwọ́ sí mi.

Kí n sọ òótọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Mo sọ fún wọn nípa ooru aṣálẹ̀ àti abẹ́ àpáta. Mo fi àwọn ọmọ màlúù tó wà lórí okùn hàn wọ́n, mo ní torí kí àwọn ìyá wọn má baà rìn jìnnà ni wọ́n ṣe so wọ́n, torí níbi tí ọmọ bá wà níyàá ń padà sí, nígbà náà ni wọn yóò wá fún wàrà. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní bí wọ́n bá ní màlúù gidi, kí ló dé tí wọ́n tún ń yà á?

Mo ní, "Ṣé o ní ajá nílé?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé fọ́tò rẹ̀ wà lórí fóònù màmá ẹ?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, tíṣà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo yí ojú wo Joan, òun náà mi orí bẹ́ẹ̀. Mo rí iṣẹ́ náà lójú rẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má di ìtàn.

Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó na ìka sí pákó. "That one's peeing!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Oòrùn ti wọ inú epo. Ẹsẹ̀ àwọn màlúù mi ń gùn. Èyí tó wà lókè ti na ẹsẹ̀ dé orí èyí tó wà nísàlẹ̀, obìnrin tó ń fún wàrà ti di ìlà pupa kan gbọọrọ, ọkùnrin ọlọ́fà ń ṣàn lọ bí omi ọbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé òjò ni, pé kí wọ́n mọ̀ pé òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbà á gbọ́ díẹ̀. Mo sún mọ́ ọn kí n lè fi àtẹ́lẹwọ́ tì í padà sókè, pákó sì gbá mi láyà, ara jákẹ́ẹ̀tì mi wá dà bíi ti ẹni tó pa ẹran.

Ìgbà náà ni màlúù kan yọ ahọ́n láti ẹ̀yìn géètì, ó lá etí pákó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i rí mọ ohun tí kàún jẹ́ sí ẹran. Èmi náà ti rí i rí! Bí Àmúdù bá ti fọ́ kàún sílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ a máa gun ara wọn lórí, ràkúnmí a sì máa ti èèyàn ṣubú. Èmi ni mo máa ń di okùn mú. Ojú mi rí i, ó sì rí i dáadáa, àmọ́ nígbà tí mò ń ro kàún nínú kíṣìnnì, ibi nkwobi lọkàn mi wà.

Màlúù náà tún lá a. Ó dúró, ó ronú. Ó wá ké, kì í ṣe igbe ìbínú, bí ẹni tó ń pe àwọn ẹbí rẹ̀ wá jẹun ni. Gbogbo pápá gbé orí sókè.

"Ẹ wò ó," mo sọ fún àwọn ọmọ, "wọ́n ti dá àwọn bàbá ńlá wọn mọ̀."

Tíṣà ní káwọn ọmọ sún sẹ́yìn, ó rọra ń dà wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì. Ọpẹ́ ni fún un. Àwọn màlúù náà dé gìrìgìrì, wọ́n fi ahọ́n bo pákó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn, géètì ń han. Mo ké sí wọn bí Àmúdù ṣe máa ń ké sí ewúrẹ́, "Haa! Haa! Kai!" Màlúù Cochrane ò gbọ́ Hausa. Okùn tí mo fi so pákó mọ́ géètì fa irin tó dì í, irin yọ, géètì ṣí, pákó dà lulẹ̀, àwọn màlúù sì jáde.

Wọ́n parí pákó kíákíá. Wọ́n wá gbé ojú sókè, wọ́n wo jákẹ́ẹ̀tì mi.

Mo ti sọ fún yín pé èmi kì í sá. Mo sá. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi há sínú ẹrẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo jù ú sí wọn, wọ́n sì dúró lá a. Mo dé ìdí ọkọ̀ mi, mo fọwọ́ ba àpò. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú jákẹ́ẹ̀tì. Mo gun ẹ̀yìn pick-up, láti ibẹ̀ mo gun orí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe parí jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí ọ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Wọ́n yí mi ká. Wọ́n ń lá ilẹ̀kùn, wọ́n ń lá díńgí, ọkọ̀ ń mì bí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀kan fẹnu fa wiper mi já, ó jẹ ẹ́ wò, ó tu ú dànù. Nínú fèrèsé bọ́ọ̀sì, gbogbo ọmọ ti na orí síta. Èmi wà lókè lórí ọkọ̀, ìbọ̀sẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, bàtà ní ẹsẹ̀ kejì.

Mo gbọ́ ohùn ọmọkùnrin alájá yẹn ketekete. "Whose dad is that?"

Tèmi yíjú sí i. Ó wá sọ pé, "Mine. He saw the real ones."

Joan yọ láti ilé ẹran pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Kò sáré. Ó mi bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, oúnjẹ dún nínú rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń rìn lọ sínú pápá. Gbogbo màlúù náà tẹ̀lé e bí ọmọ iléèwé. Ó ti géètì, ó fi okùn so ó, ó wá dúró sábẹ́ ọkọ̀ mi, ó ń wò mí. Ó ti rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó fi fìlà nù ún. Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"O ò da màlúù rí," ó ní.

"Ewúrẹ́ ni," mo dáhùn láti òkè.

"Ká ní o sọ ewúrẹ́ fún mi, ǹ bá gbà ọ́, ǹ bá sì kọ́ ọ ní ti màlúù. Ìtàn rẹ dára. Ṣùgbọ́n n ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹran pẹ̀lú ẹni tó máa sọ fún mi pé òun mọ ẹran."

Kò pariwo. Ó bá mi wá kọ́kọ́rọ́ nínú ẹrẹ̀, òun ló rí i. Tíṣà bi Tèmi bóyá yóò bá bàbá rẹ̀ lọ sílé nínú ọkọ̀. Tèmi wo ọkọ̀ náà, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì itọ́. "I'll take the bus," ó ní, ṣùgbọ́n ó wá dì mọ́ mi kó tó wọ bọ́ọ̀sì, osùn sì kún ojú rẹ̀.

Ìyá Tèmi ti jí nígbà tí mo délé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà.

"Ṣé wọ́n gbà yín?"

"Màlúù gbà mí," mo ní. "Onímàlúù ni kò gbà mí."

Mo rò pé yóò bínú nítorí epo ìyá rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́, ti ewúrẹ́ àti gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi wiper, ó ti di ikùn mú. N ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ dónọ́ọ̀tì. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú, ó ní, "Iṣẹ́ Rundle yẹn ṣì wà o." Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Monday. Mo mọ ilẹ̀ ẹ́ fọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè.

Joan gba ọkùnrin kan tí iṣẹ́ epo rọ̀bì ti lé bíi tèmi, tí ilé wọn sì ń sin màlúù láti kékeré rẹ̀. Kò rí àpáta Sàhárà yẹn rí láyé rẹ̀, mo gbọ́ pé ó ń ṣe é dáadáa.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó sọ pé ojú òun rí nǹkan, kó sọ ibi tí ojú òun mọ. Bí wọ́n bá bi mí lónìí, ewúrẹ́ ni n ó pè é. Bí mo bá sì rántí ara mi lókè ọkọ̀ yẹn, tí mò ń ké Hausa sí màlúù òyìnbó, èmi nìkan á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó sọnù lọ́jọ́ náà nìyí: iṣẹ́ kan, kẹ́ẹ̀gì epo Òkìtìpupa kan, jákẹ́ẹ̀tì kan, wiper kan, bàtà ẹsẹ̀ òsì, àti gbogbo agbo màlúù tó wà lórí pákó méjèèjì. Màlúù Joan ò dín ọ̀kan.